Ṣé dandan ni ìnṣọ́ránsì gidi fún mọ́tò, àbí kí n ṣáà ra ìwé tí ọlọ́pàá á rí?

Awakọ̀Tuntun:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò àkọ́kọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àlòkù ni, àmọ́ ara rẹ̀ ṣì le. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n ra ìnṣọ́ránsì tó kéré jù, kí ọlọ́pàá má ṣáà dá mi dúró. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní tirẹ̀ ní mi ò gbọdọ̀ wa mọ́tò náà jáde àfi tí mo bá ní ìnṣọ́ránsì tó péye. Owó tó kù lọ́wọ́ mi ò pọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìnṣọ́ránsì yìí ń ṣe gan-an? Bí mo bá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, ṣé kò tó?

BàbáLójúPópó:
Ọmọ mi, o kú oríire. Ọlọ́run á jẹ́ kí o lò ó pẹ́. Ọdún 31 rèé tí mo ti ń wakọ̀, mi ò kọ lu ẹnikẹ́ni rí. Bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni mò ń sanwó fún àwọn èèyàn yìí. Ká ní mo kó gbogbo owó yẹn jọ ni, mà á ti fi ra ọkọ̀ mìíràn. Wọn ò dá nǹkan kan padà fún mi rí. Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti aládùúgbò mi tó fi mọ́tò rẹ̀ gbá ògiri ilé onílé. Ó gba ọ̀dọ̀ wọn lọ, wọ́n ní ìwé tó rà ò kan àtúnṣe mọ́tò rẹ̀. Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wakọ̀ rẹ jẹ́jẹ́, má fi bíréékì ṣeré, kí o sì máa gbàdúrà.

Ẹnu_Ò_Sinmi:
Àmín o, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín lójú títì, ṣé òun náà ti gbàdúrà kó tó jáde? 😂

MàmáÌbejì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí èmi náà jẹ́jẹ́ ni mò ń wakọ̀, àwọn ọmọ mi gan-an máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mò ń fi ẹ̀yìn rìn jáde níbi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Àwọn ìbejì wà lẹ́yìn, wọ́n ń ja ìjà ike omi. Mo wo dígí òsì, mo wo ti ọ̀tún, mo tẹ iná díẹ̀. Mo kàn gbọ́ "kọ̀ù". Ìró kékeré ni. Mo rò pé garawa ìdọ̀tí ni mo fara kàn. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ni mo rí kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń yí. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ kejì mú, ó ń bi mí pé, "Ọmọ, ẹ bá mi wo dígí ojú mi."

Ẹ gbọ́, ọ̀dà tó bó lára bọ́ńpà mi ò tó èékánná. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ bàbá yẹn ṣẹ́ síbi méjì. Iṣẹ́ abẹ ni, wọ́n fi irin sí i. Télọ̀ ni wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń gé aṣọ ló kán. Ó lé ní oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó lè di sísọ́ọ̀sì mú dáadáa. Owó ilé ìwòsàn, owó àwọn tó ń na ọwọ́ náà fún wọn, àti owó iṣẹ́ oṣù mẹ́rin tí wọn ò rí ṣe. Bí mo bá ta mọ́tò mi, tí mo ta fìríìjì mọ́ ọn, kò lè ká a.

Third party lásán ni mo ní o, èyí tó kéré jù yẹn. Òun ló san gbogbo rẹ̀. Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn kì í rò: mo lè máa lọ wo bàbá náà. Mò ń wọlé tọ̀ wọ́n, à ń rẹ́rìn-ín. Ká ní èmi ni mo jẹ wọ́n lówó tí mi ò rí san ni, mà á ti máa gba ẹ̀yìnkùlé sá.

Akọ̀wé_Kíléèmù:
Ẹ kú ìjókòó. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ìwé kíléèmù, ìyẹn ìwé tí èèyàn fi ń bèèrè owó lẹ́yìn jàm̀bá, nílé iṣẹ́ adójútòfò (ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì) kan, mi ò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí náà mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ tà fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá, ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín rọrùn. Third party ló rà. Ìwé yẹn ò wo mọ́tò ẹni tó rà á rárá. Ẹni tí awakọ̀ ṣe lọ́ṣẹ́ ló ń wò: ẹni tó fara pa, ẹni tó kú, dúkìá ẹlòmíì tó bàjẹ́. Ẹ bá mi bi í, ṣé wọ́n sanwó fún ẹni tó ni ògiri? Bí ó bá fẹ́ kí wọ́n tún mọ́tò tirẹ̀ náà ṣe, comprehensive ni ì bá rà. Iye tó kéré ló san, ohun tó kéré náà ló rà.

Awakọ̀Tuntun, ibi tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyí. Níbi tí òfin bá ti fi dandan mú awakọ̀, third party ni òfin sábà máa ń bèèrè. Òfin ò bìkítà bóyá o dáàbò bo mọ́tò rẹ tàbí o ò dáàbò bò ó. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ èyí ní 1927, Bìrìtìkó fi sínú òfin ìrìnnà wọn ní 1930. Mọ́tò ti pọ̀ lójú títì nígbà náà, wọ́n ń gbá èèyàn, ilé ẹjọ́ ń dá ẹni tí wọ́n gbá láre, ṣùgbọ́n wọn á tú àpò awakọ̀, wọn ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Torí ẹni tí wọ́n gbá ni wọ́n ṣe ṣòfin náà. Ọlọ́pàá tó ń wo ìwé rẹ lójú títì, ẹlòmíì ló ń bá bèèrè.

BàbáLójúPópó:
Onígbèsè ògiri ọ̀hún rí owó gbà lóòótọ́, ẹ má jẹ́ n parọ́. (Onílé ni mo fẹ́ kọ, ẹ má bínú, fóònù yìí ni.) Ṣùgbọ́n owó tèmi ń kọ́? Ọdún 31! Mo sì gbọ́ pé ní New Hampshire, ní Amẹ́ríkà kan náà, kò sẹ́ni tó ń fi dandan mú wọn. Ṣé àwọn ìyẹn ò ń wakọ̀ ni?

Akọ̀wé_Kíléèmù:
Òótọ́ ni, Bàbá, New Hampshire ò fi dandan mú awakọ̀ láti ra ìnṣọ́ránsì. Àmọ́ wọn ò yọ ọrùn rẹ̀ nínú gbèsè. Bí ó bá ṣe èèyàn lọ́ṣẹ́, òun ló máa san án, bí kò bá sì rí i san, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. New Zealand náà ò fi dandan mú awakọ̀, ṣùgbọ́n láti 1974 ni ìjọba wọn ti ní àpò kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹnikẹ́ni tó bá fara pa nínú ìjàm̀bá, láìbèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ rí i pé kò síbi tí ẹrù náà ti pòórá. Àfi kí a mọ ẹni tó máa rù ú.

Ní ti owó yín, wọn ò tọ́jú rẹ̀ pamọ́ dè yín, kì í ṣe owó ìfipamọ́. Ẹgbẹ̀rún awakọ̀ dá owó sínú àpò kan, díẹ̀ nínú wọn ló máa ní jàm̀bá lọ́dún náà, àwọn yẹn ni wọ́n fi owó náà san gbèsè jàm̀bá fún. Bóyá nínú owó tí ẹ san lọ́dún kan ni wọ́n ti san irin ọwọ́ bàbá télọ̀ MàmáÌbejì. Àìní jàm̀bá yín náà sì níye: ẹ bèèrè ẹ̀dínwó àìṣe-kíléèmù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní in, bí ẹ ò bá bèèrè, ẹlòmíì nínú wọn ò ní rán yín létí.

Ẹlẹ́sẹ̀Méjì:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Gbogbo yín, mọ́tò mi, owó mi. Èmi ò ní mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn.

Mò ń sọdá lórí ilà funfun. Awakọ̀ tó gbá mi ò sá lọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, ó ń sunkún jù mí lọ. Ó ta fóònù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi san owó ìwọlé. Lọ́jọ́ kejì ó mú díẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kẹrin ó wá lọ́wọ́ òfo, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Kò ní ìnṣọ́ránsì kankan, ìwé tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀ ti kú láti ọdún tó ṣáájú.

Àwọn ẹbí mi pè é lẹ́jọ́. A jàre. Ìwé ìdájọ́ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní, òǹtẹ̀ pupa wà lórí rẹ̀, iye tí wọ́n ní kó san wà níbẹ̀ gbàràgàdà. Kò ní in. Èèyàn kì í fi ìwé ìdájọ́ ra oògùn. Orúnkún mi ò tẹ̀ dáadáa mọ́, torí iṣẹ́ abẹ kejì tí dókítà ní kí n ṣe, a ò rówó rẹ̀ ní àsìkò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 1.19 ni jàm̀bá ojú pópó ń pa lọ́dún. Ó lé ní ìdajì wọn tí kò sí nínú mọ́tò: ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́, ọlọ́kọ̀ alùpùpù. Àwa la wà níta. Èèyàn ò lè fi àìlówó yín tọ́jú wa.

Ẹnu_Ò_Sinmi:
Mo ti kọ ẹ̀fẹ̀ kan sílẹ̀, mo ti pa á rẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́.

BàbáLójúPópó:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ẹ lókun.

Mẹkáníìkì_Ọlọ́wọ́Epo:
Ẹ jẹ́ n dá sí ti "mò ń wakọ̀ jẹ́jẹ́" yìí díẹ̀. Bí o bá ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, mítà 14 ni mọ́tò ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èèyàn a máa lo bí ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ojú tó rí nǹkan, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréékì. Ìyẹn ni pé o ti rin mítà 14 kí mọ́tò tó mọ̀ pé o fẹ́ dúró. Jẹ́jẹ́ ò ní kí ọmọdé má sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bọ́ sójú títì.

Ọ̀rọ̀ kejì: bọ́ńpà òde òní kì í ṣe bọ́ńpà àtijọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á lù ú, wọ́n á kùn ún, ó parí. Ní báyìí, inú bọ́ńpà ni wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí nǹkan bá sún mọ́ ọkọ̀ sí, kámẹ́rà wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Bí o bá rọra forí sọ ìdí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú á ní fífọ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa tú u palẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n á tún fi kọ̀ǹpútà tọ́ ọ sọ́nà kó lè ríran bó ṣe yẹ. Mo ti rí i tí ẹni tó wa mọ́tò àlòkù gbá ìdí ọkọ̀ tuntun, tí àtúnṣe ọkọ̀ ẹni tó gbá ju iye gbogbo mọ́tò tirẹ̀ lọ. Ìwọ tó ń wa àlòkù gan-an ló nílò third party jù, torí kì í ṣe mọ́tò rẹ lo máa fi díwọ̀n gbèsè.

Awakọ̀Tuntun:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ẹlẹ́sẹ̀Méjì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an. Mo ti pinnu third party, ìyẹn ti parí. Ṣé kí n wá fi comprehensive kún un? Wọ́n sì dárúkọ excess fún mi, kò yé mi.

Akọ̀wé_Kíléèmù:
Excess ni iye tí ìwọ fúnra rẹ máa kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó fọwọ́ kan tiwọn. Ká ní àtúnṣe jẹ́ 100, tí excess rẹ jẹ́ 10, wọ́n á san 90. Bí àtúnṣe bá jẹ́ 8, ìwọ lo ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá gbà kí excess rẹ pọ̀, owó ọdọọdún rẹ lè dín kù, àmọ́ rí i pé o lè rí owó excess náà fà yọ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ní ti comprehensive, bi ara rẹ léèrè: bí mọ́tò yìí bá pòórá lálẹ́ òní, ṣé mo lè ra òmíràn láìjẹ gbèsè? Bí o bá lè rà á, o lè fi comprehensive sílẹ̀. Bí o ò bá lè rà á, tó sì jẹ́ pé òun lo fi ń jẹun, rà á. Bí o bá yá owó ra mọ́tò, ẹni tó yá ọ lówó lè sọ ọ́ di dandan. Ọ̀kan wà láàárín méjèèjì tó ń bo iná àti olè mọ́ third party, ó dára fún àlòkù. Kí o sì mọ̀ pé bí mọ́tò bá bàjẹ́ pátápátá, iye tó tó lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń san, kì í ṣe iye tí o rà á. Orí èyí ni ìjà pọ̀ sí jù nídìí tábìlì mi.

BàbáLójúPópó:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn eléyìí: wọn kì í fẹ́ sanwó. Gbogbo ayé ló mọ̀.

Akọ̀wé_Kíléèmù:
Bàbá, mi ò ní gbèjà wọn jù. Mo ti rí fáìlì tó sùn sórí tábìlì oṣù mẹ́ta nítorí pé ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú lọ ìsinmi. Ìyẹn burú, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá wọn, ẹ kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso wọn.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí a kọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ra ìwé ni wọ́n ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mi ò lè gbàgbé ọkùnrin kan. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìlò ara òun àti ti ìdílé òun ni mọ́tò náà wà fún. Ó mú fọ́tò jàm̀bá wá, fọ́tò tó mọ́ kedere. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, a rí páálí kékeré kan tó kọ iye owó ọkọ̀ sí láti ibùdó kan sí òmíràn. Èrò ló ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló ya fọ́tò náà. Wọ́n kọ kíléèmù rẹ̀, ó sì ń bú wọn títí di òní.

Àdéhùn ìnṣọ́ránsì, òtítọ́ ló dúró lé. Wọn ò rí mọ́tò rẹ lójoojúmọ́, ohun tí o bá sọ fún wọn ni wọ́n fi ń ṣírò ewu. Bí ọmọ rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ bá ń wà á, sọ. Bí o bá ń fi gbé èrò tàbí ẹrù gba owó, sọ. Owó á lọ sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó máa dúró lo rà. Ti ọtí ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n lè san ti ẹni tí o gbá, kí wọ́n wá padà sọ́dọ̀ rẹ láti gba owó wọn.

Mẹkáníìkì_Ọlọ́wọ́Epo:
Ti ayédèrú ìwé ńkọ́? Oníbàárà mi kan ra tirẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó dúró sẹ́nu géètì, ó dán, ó ní òǹtẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, ti mọ́tò ẹlòmíì ni.

MàmáÌbejì:
Háà! Ẹ má gba ẹnu aṣojú nìkan gbọ́ o. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé yẹn pe ilé iṣẹ́ náà tààrà, ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ yín àti nọ́ńbà mọ́tò fún yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀: ẹni tó fara pa lẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Lẹ́yìn náà fọ́tò, ẹ yà á látòkèèrè kí ojú títì hàn, ẹ tún yà á nítòsí. Ẹ gba orúkọ ẹlẹ́rìí. Ẹ pe adójútòfò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ bẹ ẹni tí ẹ gbá, ẹ bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan pé "èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mà á san gbogbo rẹ̀". Èmi fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọlọ́pàá tó wá ló ní, "Màdáámù, ẹ sinmi."

Alábòójútó:
Mo ti pa ìfèsì méjì rẹ́ tí wọ́n fi ń polówó ọjà. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

BàbáLójúPópó:
Mo lọ yọ ìwé tèmi wò nínú àpótí. Third party ni. Ọdún 31, mo rò pé mọ́tò mi ni mò ń sanwó fún! Ẹ̀dínwó tí Akọ̀wé sọ, mo pè wọ́n, wọ́n ní mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ọmọbìnrin yẹn ní "Bàbá, ẹ ò bèèrè." Inú ń bí mi ṣáá o, mi ò tíì fi orí jì wọ́n.

Ẹnu_Ò_Sinmi:
Bàbá bínú, ẹ̀dínwó wọlé 😂

Awakọ̀Tuntun:
Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo èyí. Mo gba fọ́ọ̀mù lónìí. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìlò ọkọ̀, mo fẹ́ kọ "ti ara mi". Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta níbi iṣẹ́ ti ní kí n máa gbé àwọn láràárọ̀, wọn á máa fún mi lówó epo. Ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ yìí?

Akọ̀wé_Kíléèmù:
Ó kàn án. Ibòmíì gbà á bí owó epo lásán bá ni, tí èrè ò sí níbẹ̀, ibòmíì ò gbà. Má rò ó sọ́kàn, bi wọ́n, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.

Awakọ̀Tuntun:
Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n ní lọ́la ni wọ́n máa fèsì. Mo ti sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ́la, èmi náà á wọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀Méjì:
Ẹ ṣeun, àbúrò.